Wọ́n Sun Ẹkún Ìyàwó fún Mi ní Gáréèjì

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹ ní kí n wá ròyìn Ìbàdàn, mo ti dé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín ti gbé àpótí sún mọ́ ìta, ó ń retí kí n sọ pé ilé ibẹ̀ ń kan ojú ọ̀run, pé ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Ẹ má bínú. Kíláàsì kẹta ni mo dé ní girama kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ táìsì títẹ́ sílẹ̀ ilé, mi ò ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tí mo fi lè purọ́. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ, àti ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Ohun tí ọwọ́ mi ṣe ni n ó kọ́kọ́ sọ, torí òun ló bá mi rin gbogbo ìrìn-àjò náà.

Gáréèjì

Ìyá tó bí bàbá mi, tí mò ń pè ní Màmá, ló tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ládùúgbò wa mọ̀ wọ́n ní Ìyá Ẹlẹ́kún, torí àwọn ni wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó bá fẹ́ relé ọkọ ní ẹkún ìyàwó. Bí ìgbéyàwó bá ti ku oṣù kan, ẹ ó máa gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìnkùlé: “Gbé e sókè! Ṣé ebi ń pa ọ́ ni? Ilé bàbá rẹ lò ń fi sílẹ̀ yẹn o, kì í ṣe agbọ̀n iṣu!”

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyàwó á kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, á sun ẹkún rẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n á súre fún un, kó tó gbéra. Èyí tí ò bá sun ún, àwọn ìyá á máa sọ pé ó kúrò nílé bí ẹni tó jáde lọ tọ̀.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, mo ti jókòó sínú ọkọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dúró lójú fèrèsé, à ń dápàárá, nígbà tí mo rí Màmá tí wọ́n ń sáré bọ̀, gèlè ti fẹ́ẹ̀ já bọ́ lórí wọn. Mo rò pé iṣu ni wọ́n gbé wá. Wọn ò gbé nǹkan kan. Wọ́n dúró, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbé ohùn láàárín àwọn awakọ̀:

“Mo jókòó nílé bí ìkòkò lórí ààrò,
Mo gbóná, mo sì mọ ẹni tó ń koná mọ́ mi.
Ọ̀nà wọlé wá, ó ní ká máa lọ,
Ọ̀nà ò jókòó, ọ̀nà ò mumi,
Ta ló bi ọ̀nà bóyá ó rẹ̀ ẹ́?
Ilé tí mò ń lọ, ògiri rẹ̀ ò mọ orúkọ mi,
Àkùkọ ibẹ̀ ò mọ ìgbà tí mo máa ń jí…”

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Wàsíù, ta ló ń gbé ọ níyàwó?” Agbérò náà dá sí i: “Ọkọ ìyàwó dà? Kó tètè jáde, ọkọ̀ ti kún!” Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín.

Mo bojú wolẹ̀. Mo ní, “Màmá, ṣé ìyàwó ni mí ni?” Mo sì ti gíláàsì fèrèsé pa.

Ẹnu wọn ṣì ń lọ lẹ́yìn gíláàsì. Mo rí i. Mi ò gbọ́ ọ. Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀, a gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kúrò nílé láìgba ìre, èmi tí ìyá mi ń kọ́ gbogbo ọmọ ìlú bí wọ́n ṣe ń gba ìre.

Òjóò

Títí a fi kọjá Mọ́níyà ni mò ń bá ara mi sọ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. A dé Òjóò. Kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ti dì mọ́ báàgì mi kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń pariwo Bódìjà, ọ̀kan ń pariwo Dùgbẹ̀, ọ̀kan ní Ṣálẹ́ńjì lòun rí lójú mi. Ẹnìkẹrin ò sọ nǹkan kan, ó kàn dì í mú.

Mo jára gbà. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ta bátìrì àti okùn fóònù. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú wọn nínú eruku. Bàbá náà wò mí, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?” Wọ́n ti ń fọwọ́ gbá ilẹ̀ kiri. “Ṣé síìmù ni?”

“Rárá o, bàbá. Mò ń kí yín ni.”

“O ń kí mi? Ṣé o mọ̀ mí ni?”

“Mi ò mọ̀ yín, sà.”

Wọ́n nàró, wọ́n gbọn ọwọ́. “Ará òkè. Dìde, ọkọ̀ máíkírà á gùn ẹ́ lẹ́yìn.”

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo wọ ìsọ̀ obìnrin kan, mo kí i, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi lómi mu, bí mo ṣe máa sọ ọ́ níbikíbi nílùú wa. Ó na omi inú ọ̀rá sí mi, ó sì na ọwọ́ kejì. Mo rò pé ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ ni. Mo gba ọwọ́ náà mú pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo ní, “Ẹ ṣé gan-an, mà.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Ẹ̀yin èèyàn yìí! Mu ún, mi ò gbowó. Ṣùgbọ́n má ṣe báyìí fún ẹlòmíì o, wọ́n á bú ẹ.”

Mo mu omi náà lórí ìdúró, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Màmá ti kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀nà ò jókòó, ọ̀nà ò mumi. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, mo rò pé wọ́n kàn ń fi ọ̀nà ṣe èèyàn kó lè dùn létí ni. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá tẹ̀lé àlejò tí kì í jókòó, òun náà á di ẹni tí wọn kì í fún níjòókòó.

Àgbowó

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Múfú ni mo dé sí, ọmọ ìlú wa tó ń tẹ́ táìsì ní Olúyọ̀lé, tó ní kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Ilé kan ni wọ́n háyà yàrá sí ní Àgbowó: yàrá mẹ́jọ kojú síra wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà, ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ẹrù. Ẹni kìíní bojú wẹ̀yìn wò bóyá òun kọ́ ni. Ẹnì kejì ní òun ò ní owó lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan di báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó sáré sọdá. Nígbà tí mo fi dé ìdí ọ̀pá iná, àárẹ̀ ti mú mi, mo pa dà wọlé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó nínú yàrá, mo gbọ́ ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ògiri tó ń sọ lórí fóònù pé òun ti fèèlì ìdánwò fìsíìsì, pé òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá òun. Ó mí kanlẹ̀. Kí ni ọmọ ilé ire máa ṣe? Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà àbáyọ.”

Ó pa fóònù náà.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni. Wàsíù. Mo wà lódìkejì.”

“O ti ń gbọ́ látàárọ̀?”

“Mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ti fìsíìsì nìkan ni.”

Kó tó di pé wọ́n se oúnjẹ alẹ́ tán, gbogbo ilé ti gbọ́. Orúkọ tí wọ́n fún mi ni Ògiri. “Ògiri, o jíire?” “Ògiri, kí ni wọ́n ń sọ ní yàrá karùn-ún?” Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù gan-an pè mí ní Bọ̀dá Ògiri. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí ibi tí Màmá ti sọ pé ògiri ilé tí mò ń lọ ò mọ orúkọ mi. Èmi gan-an ni wọ́n wá sọ di ògiri. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí, mi ò mọ èyí tó ṣíwájú.

Bódìjà

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ ti oúnjẹ. Ọjọ́ Àìkú kan, Bọ̀dá Múfú ní ká lọ ṣe fàájì ní Bódìjà. Mo rò pé ìsọ̀ pákó tàbí ọjà màlúù là ń lọ, àwọn nìkan ni mo mọ̀ mọ́ Bódìjà. Wọ́n mú mi wọ ibì kan tó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́, wọ́n ra ohun tí wọ́n ń pè ní ṣàwámà fún mi. Tákàdá ni wọ́n fi wé e. Mo ṣí tákàdá. Mo bá nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ rẹ̀ tó tún wé e. Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láti kékeré, ṣé ẹ ó kọ́ mi ní ewé? Mo rọra ṣí òun náà, mo jẹ ẹran àti kábéèjì inú rẹ̀ tán, mo ká ewé náà jọ dáadáa, mo jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.

Ọmọbìnrin tó ń tà á fọwọ́ bo ẹnu. “Bọ̀dá, búrẹ́dì lẹ jù nù yẹn!”

Bọ̀dá Múfú fi tábìlì ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. “Wàsíù, o ti jẹ inú, o ju ìta nù!”

Mo ní, “Bọ̀dá, ta ló máa ń jẹ ewé?”

Ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kọ́ ló dùn mí. Ìgbà tí onímọ̀-ẹ̀rọ kan bú mi lédè Gẹ̀ẹ́sì níbi iṣẹ́ wa ní Ríńgì Róòdù ni, tí mi ò mọ ohun tí mo ṣe, tí kò sì sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bí Màmá bá ń bú mi nílé, mo mọ ìdí rẹ̀, mo sì mọ ohun tí mo máa ṣe kí inú wọn tó rọ̀. Mo gbóná, mo sì mọ ẹni tó ń koná mọ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo tẹ́ táìsì mẹ́fà ní wíwọ́.

Bùkọ́lá

Mi ò mọ̀ pé mo ti ń kọ ẹkún náà sókè. Ọjọ́ kan, mo ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi nínú yàrá, ẹnìkan fọwọ́ lu ògiri.

“Ògiri! Kí lò ń kọ yẹn? Tún un kọ, jọ̀ọ́.”

Bùkọ́lá ni, ọmọ Èkìtì tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, yàrá rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa lápá kejì. Kí n tó dáhùn, ó ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bírò àti ìwé. Mo sun ún fún un, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ń fi bírò tọ́ka.

“Bí ìkòkò lórí ààrò: àfiwé tààrà. Ọ̀nà wọlé, ọ̀nà sọ̀rọ̀: ìfohunpènìyàn. Ta ló bi ọ̀nà: ìbéèrè pèsìjẹ. Ta ló kọ eléyìí?”

“Ìyá bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ gbogbo ohun tó o kà yẹn o. Wọn ò wọ ilé ìwé rí.”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n,” Bùkọ́lá ní. “Orúkọ rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Èmi mọ orúkọ rẹ̀, mi ò lè ṣe é.” Ó tún kà á láti òkè. “Ta ni ‘mo’ inú rẹ̀?”

“Màmá ni. Àwọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀.”

“Níbo ni Màmá ń lọ?”

“Wọn ò lọ síbì kankan.”

“Ta ló wá ń kúrò nílé?”

Mo ń fún omi kúrò lára aṣọ iṣẹ́ mi.

“Ògiri, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló máa ń sun ẹkún ìyàwó. Ìwọ lò ń lọ, o ò lè sọ ọ́, wọ́n bá yá ọ lẹ́nu. Ìwọ ni ‘mo’ yẹn. Ó yá, kí ló kù? Kò tíì parí.”

Mo sọ fún un pé mo ti gíláàsì pa. Mo rò pé ó máa bú mi. Kò bú mi. Ó ní, “Háà,” ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì bá mi sá aṣọ mi sórí okùn.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo pe fóònù Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa, pé kí wọ́n gbé e fún Màmá. Mo ń gbọ́ ohùn Màmá lọ́hùn-ún: “Ẹ ní mò ń pọn ẹ̀kọ.” Mo tún pè lọ́jọ́ kẹta. “Ẹ ní mò ń kírun.” Ìrun wo ni wọ́n ń kí láàárín ìyálẹ̀ta? Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ Bọ̀dá Múfú, mo wálé.

Ilé

Mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé, Sìdíká kúnlẹ̀ níwájú wọn, ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Màmá ò wò mí.

“Dìde, ìwọ lo dí ìmọ́lẹ̀. Sìdíká, tún un gbé.”

Mi ò dìde. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ohun tí mo ṣe ní gáréèjì ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí ẹkún náà fún mi, kẹ́ ẹ súre fún mi.”

“Ẹkún wo?”

“Èyí tẹ́ ẹ sun fún mi.”

“Ìyẹn ti lọ. Ṣé mo kọ ọ́ sínú ìwé ni? Ti ọjọ́ yẹn ni, ọjọ́ yẹn ló bá lọ.”

Sìdíká ń wo ilẹ̀. Ni mo bá bi wọ́n ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Àgbowó. Mo ní, “Màmá, ẹ ò kọjá ọjà Ṣakí rí láyé yín. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ògiri ibẹ̀ ò ní mọ orúkọ mi? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wò mí. “Ta ló ní mi ò rìn? Mo rìn.” Wọ́n nawọ́ sí òrùlé páànù kan lẹ́yìn igi máńgòrò, kò ju ìjìnnà ẹni tí wọ́n pè tó jẹ́ lọ. “Ilé bàbá mi nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti wá bá bàbá bàbá rẹ. Láti ibí yìí ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ ìyá mi láràárọ̀, mi ò sì gbọ́dọ̀ dìde lọ wò ó láìgbàyè. Oṣù mẹ́ta ni oorun ò fi kùn mí. Ìbàdàn lo lọ, o rò pé ibẹ̀ jìnnà? Ibi tí ojú rẹ ń rí, tí ẹsẹ̀ rẹ ò gbọ́dọ̀ pa dà sí, ibẹ̀ ló jìnnà.”

Wọ́n gbójú kúrò lára òrùlé náà.

Màmá ní, “Èyí tó kù, kì í ṣe tèmi. Kúnlẹ̀, kó o sun ún.”

“Èmi? Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ṣebí o ti lọ? Kí lo rí?”

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìdíká. Ojú tì mí ju ti gáréèjì lọ. Mo wúkọ́, mo bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ má bi mí bóyá Ìbàdàn dára,
Ìbàdàn dára, èmi ni mi ò tíì dára níbẹ̀.
Mo kí ọgọ́rùn-ún èèyàn láàárọ̀, ta ló kí mi?
Ìyá mi, ẹ yá mi lẹ́nu nígbà tí mi ò ní,
Mo lo ẹnu yín, mi ò kí yín kú iṣẹ́.
Ẹnu tèmi rèé, kò tíì mọ ìrìn,
Ó ń kọsẹ̀ bọ̀ wá bá yín.”

“Ọgọ́rùn-ún kẹ̀?” Màmá ní. “O ka gbogbo wọn?”

“Àsọdùn ni, Màmá. Bùkọ́lá ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é.”

“Orúkọ tí wọ́n ń pe irọ́ ní Ìbàdàn nìyẹn?” Wọ́n yíjú sí odi. “Ìyá Ràfíù! Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Ẹ pe àwọn tó kù!”

Obìnrin mẹ́fà ló dé, àwọn ọmọ tẹ̀ lé wọn. Màmá ní kí n tún un sun. Mo sun ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan jókòó sórí odó. “Ìyàwó Ìbàdàn!” “Ẹ bá mi ṣí ìbòjú rẹ̀, kí n rí irùngbọ̀n!” “Màmá, ẹ ó mú un mọ́ra, èyí ò ní bímọ!” Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tún un sun. Ẹ̀rín ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti kéré. Wọ́n ní kí n tún un sun.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Ràfíù, tí ọmọ wọn ti wà ní Kútọnu láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, yíjú sí ògiri. Sìdíká ń fi etí ìró nu ojú.

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí. Wọ́n ní, “O ó lọ re, o ó bọ̀ re. Ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́, wọ́n á mọ̀ ọ́. Ẹni tó o bá kí, á dá ọ lóhùn.” Gbogbo wọn ní àmín, àwọn ọmọdé náà ní àmín. Ọwọ́ Màmá wà lórí mi fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí àmín ti parí, ó wúwo, ó ń rùn bí ẹ̀kọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbá mi lórí pẹ́pẹ́.

“Ṣùgbọ́n yọ ọgọ́rùn-ún yẹn kúrò.”